Táìsì Kì Í Mu Omi: Ètò Àwo Oúnjẹ àti Àwo Omi Ajá Kékeré

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jíròrò lé lórí lónìí lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ayálégbé àti onílé, láàárín tọkọtaya tuntun, àti láàárín aládùúgbò méjì tí ògiri kan ṣoṣo là láàárín. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ajá kékeré tí ó ń ta omi sílẹ̀, tí ó ń ti àwo kiri yàrá, tí ó sì ń gbé oúnjẹ láti inú àwo lọ sí abẹ́ àga.

Nínú agbo ilé àwọn baba ńlá wa, ìta ni ajá ti ń jẹun. Àkúfọ́ ìkòkò tàbí igbá tí ó ti là ni àwo rẹ̀. Bí ó bá da omi, ilẹ̀ á fà á mu; bí ó bá fọ́n oúnjẹ ká, adìẹ á ṣà á jẹ. Kò sí ẹni tí ó ń pe ajá náà ní onídọ̀tí. Lónìí, ajá ti wọlé. Ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Ìgàndò, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń gbé nínú yàrá kan tàbí méjì, àwọn kan nínú wọn sì ń tọ́ ajá Lhasa onírun gígùn tí ó ń sùn nídìí ibùsùn. Táìsì ni ilẹ̀ ilé, táìsì kì í sì í mu omi. Adìẹ kò sí nítòsí láti ṣa ẹ̀rúnrún oúnjẹ. Èèrà, aáyán àti eku ni yóò wá ṣà á.

Ajá kò yí padà. Ilé ló yí padà. Iṣẹ́ tí ilẹ̀ àti adìẹ ń ṣe nígbà kan rí ti di iṣẹ́ ẹni tí ó ni ajá. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ló yẹ kí a wò kí a tó gbé àwo ajá kalẹ̀.

Ìdí tí omi fi ń ta sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbà pé ìwà burúkú kọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá kò yí ẹnu rẹ̀ ká bíi tiwa, nítorí náà kò lè fa omi mu bí ọmọ ènìyàn ti ń ṣe. Ahọ́n ló ń lò. Yóò ká orí ahọ́n sẹ́yìn, yóò rì í bọ inú omi, yóò sì fà á sókè kíákíá. Omi á tẹ̀ lé ahọ́n náà sókè bí òpó tẹ́ẹ́rẹ́, ajá á sì pa ẹnu dé mọ́ ọn kí ó tó já padà sínú àwo. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà fi àwòrán X-ray wo ajá níbi tí ó ti ń mu omi, wọ́n sì rí i pé bí ó ti ń ṣe é nìyẹn. Ológbò náà ń lo irú ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n ṣóńṣó ahọ́n lásán ni òun fi ń kan ojú omi. Ajá a máa ri ahọ́n tirẹ̀ wọ inú omi dáadáa. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń ta sí ọ̀tún àti òsì.

Ní ti ajá Lhasa, irùngbọ̀n rẹ̀ gígùn tún ń fa omi bíi kànìnkànìn. Bí ó bá mu omi tán, á máa kán an sílẹ̀ láti ìdí àwo títí dé orí àga.

Gbígbé oúnjẹ lọ sí ibòmíràn náà ní ìdí tirẹ̀. Ẹranko tí ó ń jẹun láàárín ẹgbẹ́ máa ń gbé ìpín tirẹ̀ kúrò níwájú èyí tí ó lágbára jù ú lọ, ìṣe yìí sì ṣì wà lára ajá títí dòní. Bí àwo bá wà lójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti ń lọ tí ó ń bọ̀, tàbí tí àwo irin bá ń pariwo lórí táìsì, ajá á wá ibi tí ó parọ́rọ́ lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe lù ú. Ohun tí ẹni tí ó ń lu ajá nídìí àwo ń kọ́ ọ ni pé ewu ń bọ̀ nígbà tí ènìyàn bá súnmọ́ oúnjẹ òun. Láti ibẹ̀ ni kíkùn mọ́ni àti gígéni jẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, ọmọdé ló sì sábà máa ń kó sínú rẹ̀.

Àwo, ààyè àti àkókò

Àwo tí ó wúwo, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ, ló dára jù. Ó lè jẹ́ àwo amọ̀ dídán tàbí àwo irin tí kì í dípẹtà, tí ó ní rọ́bà nídìí. Ike fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni kò dára: imú lásán ni ajá kékeré fi ń tì í kiri, bí ó bá sì ti ha, kòkòrò àìsàn á máa fara pamọ́ sínú ojú híha náà. Ẹ gbé àwo méjèèjì sínú tírè tí ó ní etí, kí ẹ tẹ́ tówẹ̀lì àtijọ́ sábẹ́ àwo omi. Tówẹ̀lì yìí ni yóò máa ṣe iṣẹ́ tí ilẹ̀ ń ṣe nígbà náà. Ẹ máa fọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa sá a sóòrùn.

Igun yàrá tí ó parọ́rọ́ ló yẹ ajá, níbi tí oòrùn kò ti ní mú omi rẹ̀ gbóná. Ẹ jọ̀wọ́, kí ó jìnnà sí wáyà iná. Nínú yàrá kan, ilẹ̀ ni a sábà máa ń gbé ẹ̀rọ tí a fi ń pín iná sí, omi tí ajá bá sì ta sí i lè gba ẹ̀mí.

Báwo ni omi náà yóò ti pọ̀ tó? Ajá nílò bíi mílílítà 50 sí 60 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Èyí tí ó wọn kílò 5 nílò mílílítà 250 sí 300, ìyẹn ìdajì ọ̀rá píọ́wọ́tà kan, tàbí kí ó lé díẹ̀. Kò sí ìdí láti bu omi kún abọ́ ńlá. Ẹ máa bu díẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwo gbẹ, nítorí ooru Èkó kì í ṣe eré. Bí ó bá mu ún tán, ẹ fi aṣọ nu irùngbọ̀n rẹ̀, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n gé e kúrú.

Ní ti oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ tó fún ajá tí ó ti dàgbà. Ọmọ ajá lè jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ kó àwo náà nílẹ̀, yálà ó jẹ ẹ́ tán tàbí kò jẹ ẹ́ tán. Kò ní pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé àkókò oúnjẹ ní òpin. Ẹ máa fi ọṣẹ àti kànìnkànìn tirẹ̀ fọ àwo rẹ̀ lójoojúmọ́. Yíyọ̀ tí ẹ ń bá nínú àwo omi tí a kò fọ̀ kì í ṣe omi. Agbo kòkòrò àìsàn ni.

Eku, ẹ̀fọn àti aládùúgbò

Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tí ó lé ní 1,200,000 ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan. Ní Ìgàndò ni ààtàn ńlá Solous wà, níbi tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbi tí èrò àti ìdọ̀tí bá ti pọ̀ tó báyìí, eku kò ní jìnnà, àwo ajá tí ó sùn sílẹ̀ mọ́jú sì ni àsè rẹ̀.

Ẹ má ṣe fojú kékeré wo èyí. Ibà Lassa kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ajá Lhasa. Orúkọ ajá náà wá láti ìlú Lhasa ní Tibet. Orúkọ ibà náà wá láti ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno, níbi tí wọ́n ti dá àrùn náà mọ̀ ní ọdún 1969. Eku ló ń gbé e kiri, nípa títọ̀ àti yíyàgbẹ́ sórí oúnjẹ àti ohun èlò ilé. Àrùn mìíràn ni leptospirosis. Ìtọ̀ eku a máa gbé e wọ inú omi; ajá tí ó bá mu omi náà lè kó o, ìtọ̀ ajá náà sì lè kó o ran ènìyàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ajá lórí rẹ̀, a sì máa ń tún un gbà lọ́dọọdún. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ẹran.

Ẹ̀fọn náà ń wá omi tí ó dúró sójú kan. Ó ń gba ẹyin rẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó di ẹ̀fọn tí ń fò. Ẹni tí ó bá ń pààrọ̀ omi ajá lójoojúmọ́ ti já ọ̀nà mọ́ ọn lọ́wọ́. Inú gọ́tà tàbí balùwẹ̀ ni kí ẹ da èyí tí ó ṣẹ́kù sí, kì í ṣe ojú ọ̀nà tí gbogbo ilé jọ ń gbà.

Ní ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá, tí a jọ ń lo kànga àti ìdáná, àwo ajá gbọ́dọ̀ dá yàtọ̀. Ẹ má ṣe fi kọ́ọ̀bù gbogbo ilé bu omi fún un. Ìlànà ẹ̀sìn àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí ni pé ohun èlò tí ajá bá ti ẹnu bọ̀, ẹ̀ẹ̀meje ni kí a fọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá bọ̀wọ̀ fún èyí kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó ti ra àlàáfíà fún ara rẹ̀ àti fún ajá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ajá tí onílé ní kí wọ́n lé jáde, kì í ṣe gbígbó ló lé wọn; òórùn àti eku ni.

Ìgbà tí ó kọjá ọ̀rọ̀ àwo

Àwọn ìgbà kan wà tí dídà omi tàbí oúnjẹ jẹ́ àmì àìsàn. Bí ajá oníkílò 5 bá ṣàdédé ń mu odindi ọ̀rá píọ́wọ́tà kan lójúmọ́, kíndìnrín lè ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, tàbí kí ó jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà. Bí oúnjẹ bá ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ó ti ń jẹ ẹ́, ẹ wo eyín rẹ̀, nítorí ajá kékeré a máa tètè ní àrùn eyín. Dókítà ẹran ni kí ẹ gbé e lọ bá ní irú àkókò yìí.

Wọ́n ní bí ajá bá ní ẹni lẹ́yìn, á pa ọ̀bọ. Ajá inú yàrá kò ní ọ̀bọ kankan láti pa. Ohun tí ó ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ju àwo tí ó wúwo, igun tí ó parọ́rọ́ àti omi tí ó mọ́ lọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.