Ọrùn Ríro Kò Gba Ipá

Ọrùn ni ó gbé orí ró. Eegun 7 ni ó wà nínú rẹ̀. Iṣan 8 ní ọ̀tún àti 8 ní òsì sì ń ti ibẹ̀ jáde. Àwọn kan nínú wọn ni ń fún apá ní agbára.

Bí ọjọ́ orí bá ń ga, eegun lè hù sí i kí ó sì fún iṣan mọ́lẹ̀. Ìrora á gba èjìká sọ̀kalẹ̀ dé ìka. Ọwọ́ á dà bí ẹni pé eèrà ń rìn nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sáré lọ bá ẹni tí yóò yí ọrùn wọn títí yóò fi dún. Ewu ńlá ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Dókítà á bi aláìsàn léèrè, á dán agbára apá rẹ̀ wò, á sì fi òòlù kékeré kan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Fọ́tò tí à ń pè ní rádíò ń fi eegun hàn, kò fi iṣan hàn. Kì í ṣe òun ni ó yẹ kí gbogbo aláìsàn kọ́kọ́ náwó sí.

Ọ̀pọ̀ ni ó ń sàn láàárín oṣù díẹ̀ láìsí iṣẹ́ abẹ: oògùn ìrora, ìsinmi díẹ̀, àti eré ìdárayá tí onímọ̀ bá kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí apá bá ń rọ, bí ẹsẹ̀ kò bá dúró dáadáa mọ́, tàbí bí ìtọ̀ bá ń bọ́ fúnra rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá ọlọ́jà tí ọrùn ń ro kò lè dá sinmi. Àfi kí ará ilé bá a ru ẹrù náà.