Kí Ọrẹ Àánú Bá Aláìní Nílé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ni ọrọ̀, tí Ó sì fi í sí ìkáwọ́ ẹrúsìn Rẹ̀ fún ìdánwò. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 2024, àwọn òbí kó ọmọ wọn lọ sí Islamic High School ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn, nítorí àríyá àti ẹ̀bùn tí a ti kéde fún àwọn ọmọdé. Àárọ̀ kùtùkùtù ni èrò ti kún ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ti ara wọn, tí wọ́n sì ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ọmọ 35 ni ó kú. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ènìyàn 22 kú ní Okija ní Ìpínlẹ̀ Anambra, 10 sì kú ní Àbújá, níbi tí a ti ń pín oúnjẹ fún àwọn aláìní. Ohun rere ni a pe èrò sí. Òkú ni a gbé relé.

Àwọn kan yóò sọ pé kádàrá ni. Òótọ́ ni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n Ànábì kọ́ wa pé kí ènìyàn so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó gbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun. Kádàrá kì í ṣe àwáwí fún àìbìkítà. Yorùbá ní oore kì í gbé. Ṣùgbọ́n oore tí a kò fi ọgbọ́n ṣe lè di ẹkún.

Ọ̀nà tí ọrẹ gbà dé ọwọ́ aláìní jẹ́ ara ọrẹ náà. Nínú Súúrà Baqarah, ààyá 264, Ọlọ́hun kìlọ̀ pé ìrègún àti ìnilára a máa ba sàráà jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá lè bà á jẹ́, kí ni a ó ti wí nípa opó tí ó dúró sínú oòrùn láti òwúrọ̀, tí a tì ṣubú, tí a sì ya fọ́tò rẹ̀ kí ó tó gba kóńgò ìrẹsì kan? Nígbà tí Sayyidina Umar rí obìnrin tí ebi ń pa àwọn ọmọ rẹ̀ lóru, kò ní kí ó wá tò sí ẹnu ọ̀nà òun lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yìn ara rẹ̀ ni ó fi gbé ìyẹ̀fun lọ bá a.

Èyí kò ṣòro ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Ní àwọn abúlé tí ó yí Mọ́níyà, Lálúpọn àti Àkànràn ká, ta ni kò mọ arúgbó tí kò lè roko mọ́, tàbí ọmọ òrukàn tí kò rí owó ìwé san? Kí jámáà kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Àgbẹ̀ tí àgbàdo rẹ̀ pé wasq márùn-ún, nǹkan bí 653 kìlógírámù ní ìṣirò àwọn onímọ̀ kan, yóò yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá bí ó bá jẹ́ òjò ni ó rin ín, ìdá kan nínú ogún bí ó bá jẹ́ pé làálàá ni ó fi bomi rin ín. Ọjọ́ ìkórè ni ẹ̀tọ́ náà. Àwọn mẹ́jọ tí ó ni Saká wà nínú Súúrà Tawbah, ààyá 60. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ onímọ̀, òrùlé mọ́sálásí kò sí lára wọn. Sàráà ni kí a fi kan òrùlé.

Iṣẹ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni láti gbé ọrẹ náà dé ilé. Kí ẹnìkan kọ ohun tí ó wọlé, kí ẹlòmíràn kọ ohun tí ó jáde. Kí a ka iye rẹ̀ fún jámáà ní ọjọ́ Jímọ̀, láì dárúkọ ẹni tí ó gbà. Bí ìpéjọ bá sì di dandan, kí a fún ènìyàn ní nọ́ńbà ṣáájú, kí ẹnu ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ, kí ọmọdé má sì sí nínú èrò.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn ọmọ tí ó lọ, kí Ó tu òbí wọn nínú, kí Ó sì gba ọrẹ wa. Āmín.