Gbogbo Aloe Kọ́ Ni Àlófẹ́rà

Ní Woolwich àti Thamesmead níbí, ilé Yorùbá tó ní ìkòkò àlófẹ́rà lójú fèrèsé pọ̀ gan-an. Bí iná bá jó wa lọ́wọ́, a gé e. Bí awọ ara bá gbẹ nígbà òtútù, a gé e. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn màmá wa, wọ́n á ní "etí erin" ni. Kò burú. Àmọ́ èrò tèmi ni pé orúkọ kan ṣoṣo yìí lè kó wa sí wàhálà.

Oríṣi aloe tó wà láyé lé ní 500. Àlófẹ́rà ojú fèrèsé yìí, ilẹ̀ Lárúbáwá ló ti ṣẹ̀ wá. Èèyàn ló gbé e káyé. Èyí tó ń dá hù lórí àpáta àti òkè lọ́dọ̀ wa, láti Gánà dé Nàìjíríà títí dé Ùgáńdà, Aloe schweinfurthii ló ń jẹ́. John Gilbert Baker, onímọ̀ ewéko ní Kew, Lọ́ńdọ̀nù níbí, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1880, láti fi yẹ́ Georg Schweinfurth tó rin àárín gbùngbùn Áfíríkà sí.

Ẹ wo bó ṣe ń gbé orí àpáta. Erùpẹ̀ ibẹ̀ ò tó nǹkan. Òjò á rọ̀, omi á ṣàn lọ, oòrùn á wá gba ibẹ̀ kan. Aloe á fi omi pamọ́ sínú ewé tó ki. Ọgbọ́n rẹ̀ tó wù mí jù rèé: ewéko tó pọ̀ jù máa ń ṣí ihò kéékèèké ara ewé wọn lọ́sàn-án láti fa kábọ́nì dáyọ́ksáídì wọlé. Aloe ń dúró di òru, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, kí omi ara rẹ̀ má bàa gbẹ. Á tọ́jú ohun tó fà di ojúmọ́, kó tó fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ rẹ̀.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Àkọ́kọ́, òfin. Àdéhùn CITES ti 1973 ló ń ṣọ́ gbígbé àwọn aloe kọjá ẹnubodè. Àlófẹ́rà nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Tí ẹ bá hú ti orí òkè nílé, tí ẹ kì í bọ báàgì láìní ìwé àṣẹ, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín. "Etí erin lásán ni" ò ní gbà yín sílẹ̀.

Èkejì, ìlera. Lábẹ́ èèpo ewé aloe, oje kíkorò kan wà tó pọ́n bí yẹ́lò, tó ń mú inú ṣiṣẹ́ gidi. Ní 2002, FDA Amẹ́ríkà dá títà oògùn ìyàgbẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe dúró, torí kò sí ẹ̀rí tó pé kò léwu. Oríṣi kan sì yàtọ̀ sí èkejì. Ewé tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún.

Ẹlòmíì á ní, "Ṣé ilẹ̀ baba mi kọ́ ni? Ta ni yóò ní kí n má mú ewé mi?" Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìwúwo, Kew ló ṣáà sọ ewé wa lórúkọ. Ṣùgbọ́n lórí àpáta, èyí tí a bá hú, ó máa pẹ́ kí òmíì tó dípò rẹ̀. Orúkọ ni kí á kọ́kọ́ gbà padà, kì í ṣe gbòǹgbò.

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí màmá tó máa gba ewùrà lọ́wọ́ ẹni tó ní kó lọ ra iṣu tí wọ́n máa gún. Èsúrú náà ní orúkọ tirẹ̀. Nítorí náà, àbá mi rèé: ẹ jẹ́ kí á máa pe ti ojú fèrèsé ní àlófẹ́rà, kí ti orí òkè máa jẹ́ "etí erin orí àpáta". Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè, ẹ̀yin lẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: nígbà míì tí ẹnì kan bá fi etí erin lọ̀ yín, ẹ fọ̀wọ̀ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo nínú wọn ni?"