Ta Ló Tẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Olówó?



Bí ọlọ́rọ̀ bá dé hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ní Páríìsì, nílẹ̀ Faransé, yóò bá bẹ́ẹ̀dì tí a ti tẹ́ dáadáa, aṣọ funfun tó mọ́ nigínnigín. Yóò yin onílé. Ṣùgbọ́n ta ló tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà?

Àwọn obìnrin ni, púpọ̀ nínú wọn ọmọ Áfíríkà bíi tiwa. Ní ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, agbaṣẹ́ṣe ló gbà wọ́n síṣẹ́, kì í ṣe onílé. Bí ìyà bá jẹ wọ́n, onílé á ní kí wọ́n lọ bá agbaṣẹ́ṣe. Agbaṣẹ́ṣe á ní owó tí onílé san kò tó.

Ní 2018, àwọn òṣìṣẹ́ Park Hyatt Paris-Vendôme, ibùwọ̀ àwọn olówó gidi, da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 87. Wọ́n ní kí hòtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ gba àwọn tí ń tún yàrá ṣe síṣẹ́. Ní July 2019, nǹkan bí 20 òṣìṣẹ́ ní Ibis Batignolles, tí kì í ṣe ilé olówó ńlá, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tiwọn. Yàrá mẹ́ta àbọ̀ ni wọ́n ní kí ẹnì kan máa tún ṣe ní wákàtí kan! Oṣù 22 ni ìjà náà gbà. Ní May 2021, yàrá di mẹ́ta, owó iṣẹ́ lé sí i, owó oúnjẹ sì wọlé. Agbẹnusọ wọn, Rachel Keke, ọmọ Côte d'Ivoire, wọ ilé aṣòfin Faransé ní 2022, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2024.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe náà ni wọ́n ṣì wà lẹ́yìn àdéhùn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé àwọn tí agbaṣẹ́ṣe kó wá sí fàkítírì àti gáréèjì kì í ṣe ara wa. A kò gbà. Agbálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé fún agbaṣẹ́ṣe. Lọ́la, ó lè kan dírẹ́bà àti ẹni tó ń wa ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n wọ ẹgbẹ́, kí ohùn wa lè ṣọ̀kan níwájú ọ̀gá.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.