Ẹ̀rọ Yẹn Ò Bàjẹ́, Wáyà Ló Kù

Ẹni tó bá ti wọ láàbù Físíìsì láti táàmù kìn-ín-ní á ti rí páálí mẹ́ta tó wà lábẹ́ tábìlì ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi tó máa ń jò yẹn. Àwọn JS1 ti sọ ọ́ di àga ìjókòó. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ẹnì kan lẹ ìwé mọ́ ọn: KÍKÓ DÀNÙ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí a bá ti gba ìsinmi, àwọn tó ń ra irin àlòkù á wá kó o lọ pẹ̀lú àwọn àga tó ti kán.

Èmi ò fara mọ́ ọn o. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ jọ̀ọ́ gbọ́ mi tán kẹ́ ẹ tó ní àwọn SS2 tún ti dé.

Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ kan tó ń gbé lókè òkun ló fi nǹkan wọ̀nyí ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀, skríìnì kan, awò ojú dúdú mẹ́fà, àti àpótí kékeré kan tí kò ju ike ọṣẹ lọ, tó ń fi iná infrared tí ojú wa ò lè rí bá àwọn awò náà sọ̀rọ̀. Tí gbogbo wọn bá jọ ń ṣiṣẹ́, àwòrán inú skríìnì á dà bíi pé ó yọ síta, bíi ti sinimá 3D. Gbogbo rẹ̀ ló dé láìfọ́. Wáyà kan ṣoṣo ni a ò rí, èyí tó yẹ kó so àpótí kékeré yẹn mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Torí wáyà yìí ni gbogbo ẹrù náà fi wà nílẹ̀ láti táàmù méjì.

Kẹ́ ẹ tó sọ pé wáyà kékeré ò lè ṣe nǹkan kan, ẹ na ìka kan sókè níwájú imú yín báyìí. Ẹ di ojú òsì, kẹ́ ẹ fi tọ̀tún wò ó. Ẹ tún pààrọ̀ wọn. Ṣé ẹ rí i pé ìka náà ń fò? Ìka ò kúrò níbì kan. Ohun tí ojú òsì ń rí ló yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ojú ọ̀tún, torí àlàfo wà láàárín wọn, ọpọlọ ló sì ń pa méjèèjì pọ̀ tó fi ń mọ̀ pé ìka sún mọ́ wa ju pátákó ìkọ̀wé lọ. Charles Wheatstone, ará Ìlú Ọba, fi èyí han àwọn onímọ̀ ní 1838. Ó ya àwòrán méjì, ó fi dígí méjì darí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ojú tirẹ̀, àwòrán pẹlẹbẹ bá di ohun tó ní jíjìn.

Skríìnì tiwa kì í lo dígí. Á gbé àwòrán ojú òsì jáde, á gbé ti ọ̀tún, á tún gbé ti òsì, ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 60 fún ojú kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni awò gbọ́dọ̀ máa ṣókùnkùn lójú kan, kó máa mọ́ lójú kejì, kí ojú òsì má bàa rí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ máa ń ṣe ten-ten nígbà brék, ọ̀rọ̀ yín rèé. Àtẹ́wọ́ ló ń sọ fún ẹsẹ̀ ìgbà tó máa jáde. Tẹ́ ẹ bá dá àtẹ́wọ́ dúró, tí oníkálukú wá ń ju ẹsẹ̀ bó ṣe wù ú, ṣé ten-ten nìyẹn? Wáyà tí mò ń sọ yìí, tí wọ́n ń pè ní sync, òun ni àtẹ́wọ́. Láìsí i, awò ò mọ ìgbà tó yẹ kó ṣí, àwòrán á kàn di méjì gbalaja lójú yín bíi ti ẹni tí oòrùn pa.

Kí ló wá wà nínú wáyà tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù yìí? Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta. VESA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe òfin fún skríìnì kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ sílẹ̀ ní November 5, 1997 pé kí ẹnu ibi tí wọ́n á ti so irú nǹkan yìí jẹ́ roboto oníhò mẹ́ta, ẹ̀yà mini-DIN. Ọ̀kan ń gbé iná 5 volt. Ọ̀kan ni ground. Ìkẹta ló ń gbé àmì: tí iná bá gòkè lórí rẹ̀, àwòrán ojú òsì ló wà lójú skríìnì, tó bá wálẹ̀, ti ọ̀tún ni. Ó tán. Iná 5 volt yẹn kò ju èyí tó ń jáde lẹ́nu ṣájà fóònù kékeré lọ.

Ibi tó ti le díẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ kejì. Òfin wà fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ àpótí infrared, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe bó ṣe wù ú. Tiwa ní ihò kékeré bíi ti earpiece. Earpiece fóònù ò wọ ibẹ̀ o, mo ti gbìyànjú, ẹ má sọ fún wọn. 2.5 mm ni ihò yẹn, ti fóònù sì jẹ́ 3.5 mm.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ọmọ kíláàsì mi kan ya àwòrán ẹnu méjèèjì sórí ìwé, a kọ iṣẹ́ ìka kọ̀ọ̀kan sí i bá a ṣe rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a bá fẹsẹ̀ rìn láti Adéníjì Adélé lọ sí Ìdúmọ̀tà. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ò ní bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀. Kó tó di pé gbogbo wa ń wo fíìmù lórí fóònù, ibẹ̀ ni ọjà fídíò Yorùbá àti ti Íbò wà, láti ayé kásẹ́ẹ̀tì VHS títí dé ayé CD. Àwọn tó ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ nígbà yẹn, tí wọ́n á so ẹ̀rọ kan mọ́ ọ̀pọ̀, wáyà ni wọ́n fi jẹun.

Bàbá kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gba ìwé lọ́wọ́ wa, wọ́n fi awò sójú.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, S-Video lẹ̀ ń wá."

"Rárá sà, ẹ jọ̀ọ́ sà. Oníka mẹ́rin ni S-Video. Mẹ́ta ni tiwa."

Wọ́n wò wá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa páálí kan jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ẹ ò rí wáyà! Wọ́n ń yẹ orí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan: oníka mẹ́rin, oníka mẹ́fà tí wọ́n fi ń so mouse àtijọ́, pupa-funfun-yẹ́lò tí kò lóǹkà. Àwọn roboto yẹn, ìwọ̀n ẹnu wọn bá tiwa dọ́gba, ìka inú wọn ni ò bá a mu. Oníka mẹ́ta, kò sí.

"Màá ránṣẹ́ sí Alábà," wọ́n ní. "Orí lásán ni màá rà. Wáyà ara mouse yìí ti tó fún inú ẹ̀, màá fi lẹ́ẹ̀dì jó o." Owó tí wọ́n dá lé e kò tó owó singlet inter-house sports wa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bi wá ní ìbéèrè tí a ò lè dáhùn. "Àwòrán yìí, ṣé iwájú orí wáyà ni, àbí ẹ̀yìn rẹ̀ tí mo máa jó lẹ́ẹ̀dì sí?" A dákẹ́. Wọ́n yí ìwé náà padà, wọ́n gbé e sí iná kí á lè rí àwòrán láti ẹ̀yìn. Ọ̀tún ti di òsì. "Ẹ rí i? Tí mo bá tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, iná 5 volt á lọ síbi tí kò yẹ kó dé. Mítà ni a máa gbà gbọ́, kì í ṣe ìwé yín."

Ibí yìí ni mo ti gbà pé ẹ̀rù àwọn tíṣà wa nídìí. Tí 5 volt bá kan ground nínú wáyà tá a ṣe, káàdì inú kọ̀ǹpútà lè jó, a ò sì ní rówó ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí kò fi ní rí bẹ́ẹ̀. Kí wáyà tó kan ẹ̀rọ kankan, a máa fi mítà wò ó pé ìka méjì ò kan ara wọn, pé ìka kọ̀ọ̀kan sì dé òdìkejì rẹ̀. A máa wá kì í bọ kọ̀ǹpútà nìkan, ká wá ibi tí 5 volt ti jáde. Ibi tí àmì ń gbà máa fi nǹkan bí ìdajì iná rẹ̀ hàn lórí mítà, torí pé ó ń gòkè ó ń wálẹ̀ láìdúró. Ìgbà yẹn la tó máa so àpótí mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ pé òsì àti ọ̀tún àwòrán nìkan ló yí padà, nǹkan kan ò ní bàjẹ́. Ohun tó jìnnà á kàn dà bí ohun tó sún mọ́, imú èèyàn á wọnú bíi kòtò, a ó sì rẹ́rìn-ín títí.

Àwọn kan ní ká dúró de ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa yẹn ṣe dáadáa, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n ti rí i? Samsung ò ṣe tẹlifíṣọ̀n 3D mọ́ láti 2016, LG àti Sony fi tiwọn sílẹ̀ ní 2017. Nvidia, tó gbé awò 3D dé orí kọ̀ǹpútà inú ilé ní 2009, dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní 2019. Nǹkan tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti pa tì, ta la ń retí kó máa ṣe wáyà rẹ̀ fún wa?

Ni àwọn kan bá tún ní, "Ṣebí ìwọ náà ti sọ ọ́, 3D ti kú." Ó kú lọ́jà. Ní láàbù ńkọ́? Tíṣà Kẹ́místírì wa sọ pé methane ní igun mẹ́rin, pé 109.5 degrees ló wà láàárín hydrogen kan àti ìkejì. Wọ́n yà á sí pátákó, ó dà bí àgbélébùú. Wọ́n fi ọwọ́ ṣàlàyé, wọ́n fi chalk ṣàlàyé, ìdajì kíláàsì ṣì kọ 90 nínú test. Èmi kọ 109.5, mo gba máàkì, àmọ́ mi ò tíì fojú mi rí i rí. VMD àti PyMOL tí àwọn onímọ̀ fi ń wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń lo skríìnì bíi tiwa. Ohun tí mo fẹ́ rí wà nínú páálí tí JS1 ń jókòó lé.

Ní 2005, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Basel Action Network wá wo ọjà ẹ̀rọ àlòkù l'Ékòó. Wọ́n kọ ọ́ pé nǹkan bí kọ̀ntéínà 500 ló ń wọlé lóṣù, àti pé ó lè tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù inú wọn tí kò ṣeé tún ṣe kó lérè. Wọ́n rí ibi tí wọ́n ti ń dáná sun wọ́n. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń fi pàǹtí ṣọwọ́ sí wa. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe pàǹtí nígbà tó dé, àwa la fẹ́ sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Àwọn tó máa kó o lọ, bàbà inú ẹ̀ ni wọ́n fẹ́. Wọ́n á sun ike tó kù níbì kan, èéfín rẹ̀ á sì wọlé onílé.

Ní August 1903, ní Glover Memorial Hall lórí erékùṣù wa níbí, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn èèyàn ní Nàìjíríà. Àwọn tó mọ ẹ̀rọ ìgbà náà lò ló gbé e wá. Tiwa nìkan ló dá wọkọ̀ wá, kò sì sí ẹnì kankan tó bá a wá láti sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣé ìyẹn wá tó ohun tá a máa fi tà á ní ìwọ̀n kílò?

Bàbá Ìdúmọ̀tà ní àwọn ò lè jó ẹ̀gbẹ́ kejì láìrí àpótí kékeré yẹn. Wọ́n fẹ́ ṣí i, ìdè mẹ́rin péré ló dì í, kí wọ́n lè tọpa ibi tí ground ti wọlé. Àpótí ò sì lè jáde ní géètì láìsí ìwé. Tíṣà Físíìsì wa ti gbà láti bá wa lọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìparí kíláàsì, JETS Club ti dá owó orí wáyà jọ. Mo fẹ́ kí ẹnì kan ya àwòrán wáyà náà dáadáa tó bá parí, kó kọ "iwájú" àti "ẹ̀yìn" sí i gàdàgbà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù láàbù.

Lẹ́tà tí a kọ ti wà lórí tábìlì VP láti àná. Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn oní-irin ń bọ̀.