Ìpara tó ń sọ àmì dúdú di bárakú

Obìnrin tí irorẹ́ ojú rẹ̀ jinná tó fi àmì dúdú sílẹ̀ kì í sábà kọ́kọ́ gba ọsibítù lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń po ìpara ládùúgbò ló ń lọ. Ìyẹn á bu kíríìmù inú ike kan mọ́ ti inú túùbù mìíràn, á pò ó pọ̀, kò sì ní kọ orúkọ ohunkóhun sára èyí tó fẹ́ tà. Kò ní pẹ́ tí ojú á fi mọ́, inú oníbàárà á dùn, á sì júwe ọ̀nà fún àbúrò àti ọ̀rẹ́. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn: ìpara náà máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́.

Ohun tó sábà máa ń wà nínú irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni hydroquinone, sítẹ́rọ́ìdì tó le bíi clobetasol, àti mákúrì nígbà mìíràn. Dókítà awọ ara a máa lo hydroquinone fún àmì dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún ìwọ̀nba oṣù ni, ojú rẹ̀ á sì wà lára aláìsàn. Ẹni tó bá ń fi í para láti ọdún dé ọdún, tí oòrùn sì ń pa á, lè bá ara rẹ̀ nínú ohun tí oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Findlay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe ní Gúúsù Áfíríkà ní 1975. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ ojú á dúdú bí èédú, awọ ibẹ̀ á le, á sì máa ṣe wínníwínní. Ochronosis ni wọ́n ń pè é. Dúdú yìí ti wọ ìsàlẹ̀ awọ lọ, agbára káká ni oògùn fi ń yọ ọ́. Ẹni tó ní in á rò pé àmì àtijọ́ ló padà dé, á sì lọ ra ìpara tó tún le ju ti àkọ́kọ́.

Sítẹ́rọ́ìdì ní tirẹ̀ a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹni tó ti ń fi í para tipẹ́, ojú ọgbẹ́ lè má tètè jinná. Ó lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Mákúrì ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń ṣe ọmọ inú oyún níjàǹbá.

Kí wá ni kéèyàn ṣe? Kí a kọ́kọ́ wá ohun tó fa àmì náà. Awọ adúláwọ̀ tí irorẹ́, ifo, iná tàbí ìyúnra bá ṣe léṣe a máa dúdú níbẹ̀. Bí irorẹ́ kò bá tíì dá, àmì tuntun kò ní yé jáde, ìpara yòówù tí a ìbáà fi lé e. Ẹ má ṣe tẹ irorẹ́. Ẹ dín kànrìnkàn líle kù, torí gbígbo ara lójoojúmọ́ náà ń mú awọ dúdú. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń fi pa ojú kí wọ́n tó jáde sínú oòrùn lè bó èèyàn bí iná. Ti aláboyún àti ẹni tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tún yàtọ̀: oje ara (hómóònù) ló ń fa àwọn àmì gbàràmù tó ń yọ sí wọn níwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, oòrùn sì ń dá kún un. Agboòrùn, akẹtẹ̀ àti ìpara adènà-oòrùn tó tó SPF 30 ni ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú gbogbo wọn. Ìpara azelaic acid wà pẹ̀lú, aláboyún sì lè lò ó. Kí àmì náà tó parẹ́, ó lè gba oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. A mọ̀ pé ó ń gba sùúrù.

Àwọn dúdú kan wà tí kì í ṣe ti ìpara rárá. Ọrùn tó dúdú tó sì nípọn lè jẹ́ àmì pé ìtọ̀ ṣúgà ń bọ̀. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àmì dúdú tó ń tóbi sí i ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí lábẹ́ èékánná, ẹ tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, torí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, ló pa Bob Marley ní 1981.

Ní ti ìpara ìbóra, láti 1976 ni olórin Fela ti kọ orin Yellow Fever bá àwọn tó ń bóra wí. Gúúsù Áfíríkà fòfin de hydroquinone nínú ìpara ẹwà ní 1990. Ní 2023, ọ̀gá àgbà NAFDAC, àjọ tó ń ṣàbójútó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, pe ìpara ìbóra ní ọ̀ràn pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Minamata lórí mákúrì fẹnu kò pé kí mákúrì kúrò pátápátá nínú ìpara ẹwà ní 2025. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè wọ ilé oògùn lónìí kó ra túùbù clobetasol láìsí ìwé dókítà. A ń fẹ́ kí èyí dópin. A ń fẹ́ kí NAFDAC kọjá ṣọ́ọ̀bù ńláńlá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń po ìpara nínú yàrá, kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ sì fi dókítà awọ ara sí àwọn ọsibítù ìjọba, tí owó rẹ̀ kò ní ju agbára mẹ̀kúnnù lọ.

Ẹ̀yin tí irú ìpara bẹ́ẹ̀ ti wà nílé yín, ẹ má ṣe dájọ́ ara yín. Ẹ má sì ṣe já a jù sílẹ̀ lójijì bí ẹ bá ti ń lò ó tipẹ́, torí ojú lè wú, kó sì pọ́n. Ẹ gbé ike náà lọ́wọ́ lọ sí ọsibítù, kí ẹ fi han dókítà, kó lè mọ bí yóò ṣe yọ yín kúrò nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.