Ohùn Mi Kọ́ Nìyẹn

“Ẹ lọ ra ti Ṣáínà jàre.” Ìdáhùn tí à ń gbọ́ nìyẹn nígbàkigbà tí a bá sọ pé inú ilé la ti ń ṣe máìkì. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń fi wá rẹ́rìn-ín: ẹ kàwé Computer Science tán, ẹ wá jókòó s'Ẹ̀rúnmu, ẹ ń jó lẹ́ẹ̀dì bí oníṣẹ́ rédíò. Bí ẹni pé àbùkù ni iṣẹ́ oníṣẹ́ rédíò!

Fóònù la kọ́kọ́ lò. A lọ bá màmá kan tó ń din gààrí, a ní kó ki oríkì ilé bàbá rẹ̀ fún wa. Ó kì í tán, a tẹ̀ ẹ́ kó gbọ́. Màmá tẹ́tí, ó wò wá lójú: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ohùn mi kọ́ nìyẹn o.” A rẹ́rìn-ín. Ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ tó bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀? Àfìgbà tá a délé, tá a fi earpiece gbọ́ ọ dáadáa, la tó mọ̀ pé òótọ́ ni màmá sọ. Gbogbo ibi tó ti rẹ ohùn sílẹ̀, ìparí ọ̀rọ̀ ti pòórá. Fóònù ti gé e sọnù pẹ̀lú ariwo agbada gààrí.

Fóònù ò dá a ṣe. Ẹnìkan ló kọ òfin yẹn sínú rẹ̀, irú iṣẹ́ tí àwa náà ń ṣe jẹun: ohun tó bá rẹlẹ̀ jù, pa á, kí ìpè lè mọ́. Fún ìpè, ó dáa. Ṣùgbọ́n nínú Yorùbá, ohùn ìsàlẹ̀ tó bá gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ sábà máa ń já wálẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ di èémí lásán. Ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ ti yàtọ̀ sí ọkọ. Ẹni tó kọ òfin náà kò bá wa ṣọ̀tá. A ò sí lọ́kàn rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin developer ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ojoojúmọ́ là ń pariwo AI tó máa gbọ́ Yorùbá. Ohùn tí wọ́n ti gé nírù la fi ń kọ́ ọ, a tún ń bínú pé kò mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ.

A gbìyànjú láti pa òfin yẹn nínú app kan tó gbà wá láyè. Híhó “ṣííí” wá gba gbogbo inú ohùn, nítorí etí fóònù kéré jọjọ. Etí tó bá fẹ̀ ń gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i, híhó tirẹ̀ a sì dínkù. Ìdí tá a fi lọ sórí condenser oní-capsule ńlá nìyẹn, èyí tí awọ rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 25.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ó gba sùúrù. Capsule, FET kan, resistor bílíọ̀nù ohm kan, àti àwọn wẹ́wẹ́ díẹ̀. Resistor yẹn ló ń dá ọ̀ràn: òógùn ìka lásán tó bá kàn án lára, iná á máa jò gba ibẹ̀, máìkì á máa ta pàrà-pàrà. Ẹ fi spírítì nù ún, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Agolo mílíkì la fi ṣe ilé rẹ̀, a fi asẹ́ tíì bò ó lórí, a sì so irin wọn mọ́ wáyà ilẹ̀. Lọ́jọ́ tá a gbàgbé láti so ó, “húùù” iná NEPA nìkan la gbọ́.

Iná ńkọ́? Fólítì 48 ni máìkì báyìí ń fẹ́. Ẹ gbọ́ ibi tí nọ́ńbà yẹn ti wá: ní 1966, ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba Norway fẹ́ kí Neumann ṣe máìkì tó máa gba iná láti inú wáyà ohùn rẹ̀. Fólítì 48 ti wà nílé wọn tẹ́lẹ̀, fún gílóòbù ìgbà tí iná bá lọ. Ó di ìlànà gbogbo ayé. Iná lílọ ní Norway ló bí i! Àwa tí iná ń lọ mọ́ lọ́wọ́ lójoojúmọ́, bátìrì oní-fólítì 9 márùn-ún la tò tẹ̀léra: 45, ó sì tó o.

Electret ni capsule wa. James West, adúláwọ̀ ọmọ Virginia tí wọ́n bí ní 1931, òun àti Gerhard Sessler ọmọ Jámánì ló gbé e jáde ní Bell Labs ní 1962. Bàbá West kò fẹ́ kó kọ́ físíìsì. Ó mú un lọ wo àwọn adúláwọ̀ tó gboyè ọ̀mọ̀wé, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ló dára jù tí wọ́n rí. Ọmọ náà kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ìtúlẹ̀ rédíò lọ́wọ́ ọmọ yín pẹ̀lú ìfọ́tí, ẹ rọra o.

A ò ní purọ́: Ṣáínà ni capsule tiwa náà ti wá. Ẹni tó bá ní gbogbo rẹ̀ la ṣe l'Ẹ̀rúnmu, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n èyí tá a rà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n lẹ̀ pa, kú láàárín oṣù mẹ́ta, ẹni tó tà á fún wa ní kò ṣeé tú, ká ra òmíràn. Eléyìí, a mọ inú rẹ̀. Lóṣù tó kọjá tí òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà. A tú u, a nù ún, a sá a sóòrùn, ó bọ̀ sípò.

A ti gbé e dé ọ̀dọ̀ màmá. Ó gbọ́ ara rẹ̀ dé òpin, kò sọ pé ohùn òun kọ́. Ohun tó ní ni pé òun fo orúkọ ẹnìkan nínú oríkì náà, ká padà wá lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn tóun bá din gààrí tán.